Bí Mo Ṣe Lọ Ra Sípíríìnì Píkọ́ọ̀pù Mi ní Àjàṣẹ́

Àkùkọ kò tíì kọ ní Kúdẹtì tí mo ti wẹ̀, tí mo ti gbàdúrà, tí mo sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò mi lápá. Ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ní ọdún kejì tí a gba òmìnira. Làmídì, awakọ̀ mi, ti ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná lójú títì. Ó kí mi, mo dá a lóhùn, a sì gbéra láìsọ ohun mìíràn. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ṣọ̀wọ́n láàrin wa ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tí a lọ ṣe.

Àwọn tó mọ̀ mí ní Bẹẹrẹ mọ̀ pé dígí ni mo ń tà: dígí fèrèsé, dígí àwòrán, dígí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà nígbà náà, ó ṣòro kó má jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni dígí rẹ̀ ti wá. Píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé ni mo fi ń kó ọjà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu rí. Sípíríìnì ẹ̀yìn rẹ̀ ló darúgbó, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra bí ewé lábẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń gba ẹrù mọ́ra, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ rọra jù sókè jù sísàlẹ̀ bó bá kó sí kòtò. Bí mo bá ti di dígí sí i, ìdí rẹ̀ á wọlẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, iná iwájú á sì máa wo orí igi dípò títì.

Èmi fúnra mi ni mo ronú kan ọgbọ́n. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì bá mi ki ewé sípíríìnì lọ́rì méjì méjì mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ọkọ̀ náà dìde dúró ṣánṣán, ìdí rẹ̀ wá ga ju orí rẹ̀ lọ bí àgbò tó fẹ́ kàn. Àwọn ará Bẹẹrẹ ń kí mi kú oríire bí ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun, mo sì ń dáhùn.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ dé láti Òkèhò. Àwọn ará ìlú náà dá owó jọ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ní kí n wá fi dígí sí gbogbo fèrèsé rẹ̀ kí òjò tó dé. Làmídì nìkan ló gbé ẹrù àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, ó lé ní ìdajì tó ti fọ́. Nígbà tó padà dé, mo dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, níwájú àwọn oníbàárà àti àwọn aládùúgbò, mo sì sọ fún un pé eré àsápajúdé ló sá, pé ẹni tí kò ní làákàyè kò yẹ kó gbé dígí. Làmídì kò bá mi jà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì, ó ní, "Bàbá, mi ò sáré," ó sì bá ọ̀nà Ọjà'ba lọ sílé wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò wá. Nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ní Òkèhò ti kọ̀wé sí mi nígbà náà pé ẹní ni àwọn fi bo fèrèsé fún àwọn aboyún, pé bí òjò méjì bá rọ̀ kí n tó dé, wọn yóò kan pákó pa gbogbo rẹ̀. Mo pinnu pé sípíríìnì tó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni mo nílò, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ rárá, bí awakọ̀ tilẹ̀ sáré. Àwọn ilé ìtajà ní Gbági kò ní èyí tó bá ọkọ̀ Faransé mu. Ẹnì kan ní kí n lọ sí Àjàṣẹ́, ní Dàhòmì. Mo ránṣẹ́ sí Làmídì nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọwọ́ ọkọ̀ náà. Ó wá. Bí a ṣe gbéra nìyẹn, pẹ̀lú àpótí kékeré kan lẹ́yìn tí mo to dígí mẹ́wàá sí, kí n lè fi wọ́n dán sípíríìnì tuntun wò.

A gba Mọ́lété jáde, a kọjá Dúgbẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa ní Ọ̀mì Adìó. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dára, ọ̀dà ni, àmọ́ ó tẹ́ẹ́rẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí táyà kan gbọ́dọ̀ bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀ bí a bá pàdé lọ́rì. Aago méje ààbọ̀ la dé Làfẹ́nwá. Mo ra láfún àti ẹja odò, ti owó sísì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láfún àwọn Ẹ̀gbá funfun bí ẹfun, ó sì rọ̀. Ẹni tí ọkà dúdú ti mọ́ lára bí èmi yóò kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ aláìsàn ni, títí yóò fi rí i pé òun ti jẹ ẹ́ tán.

Ní Ewékorò, erùpẹ̀ sìmẹ́ńtì ti bo ewé igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gbogbo wọn dà bí ohun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pa lára. A yà ní Papaláńtò, a dorí kọ Ìláròó. Ibẹ̀ ni ọ̀dà tán. Ojú ọ̀nà ṣe kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ bí páànù ìbolé, ọkọ̀ sì ń gbọn wá bí ẹni ń ku èlùbọ́. Mo fi ọwọ́ kan di fìlà mú, mo fi èkejì di ilẹ̀kùn mú.

Mo ní, "Ọ̀nà yìí burú."

Làmídì kò wo ojú mi. "Ti Ìséyìn tí mo gbà lọ sí Òkèhò burú ju èyí lọ, Bàbá."

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa.

Ní Ìdíìròkò, oníbodè tiwa yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wò. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi dígí mẹ́wàá péré ṣe ní Àjàṣẹ́, ṣé mo fẹ́ tà á ni. Mo ní rárá, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ká máa lọ. Ní ìhà kejì, àwọn tí wọ́n ń pè ní duwáàn, ìyẹn oníbodè tiwọn, wọ aṣọ kákí pẹ̀lú fìlà tó rí rogodo. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa, ọ̀kan sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ: "À dírọ́ọ̀tù, à dírọ́ọ̀tù." Ohun tó ń wí ni pé apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe apá òsì bí tiwa. Làmídì gbé ọkọ̀ kọjá sí ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, mo ń gbọ́ tó ń wí fún ara rẹ̀ pé, "Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun. Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun." Kò ṣi ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn pẹ̀lú.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó wọ Àjàṣẹ́. Ìlú náà dára, ó tutù nítorí ọ̀sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú àti àwọ̀ ewé, òdòdó ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sí orí fèrèsé. Fèrèsé náà ni mo wò jù. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sí i, kò sí dígí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìlú tí onídígí yóò ti pebi kú rèé. Búrẹ́dì wọn gùn tó apá àgbàlagbà, wọ́n sì ń há a sí abíyá lọ sílé láìfi nǹkan wé e. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ kọjá ní Bẹẹrẹ, wọn á ní ọ̀bùn ni ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ ẹ́, mo jẹ odindi kan tán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá, nítorí náà kò pẹ́ kí a tó rí ọgbà Ìyá Fẹ̀lísí, obìnrin tí wọ́n júwe fún wa. Abẹ́ igi máńgòrò ńlá kan ló wà, àwọn sípíríìnì tò gègèrè yí i ká. Rẹsọ́ọ̀ ni wọ́n ń pe sípíríìnì lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin náà ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó wọ dígí ojú, ó jogún ọgbà náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì tó ti gbéyàwó ló ń bá a ṣiṣẹ́. Kò béèrè iye owó tí mo mú wá.

Ó ní, "Kí lẹ fi ń gbé nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Dígí."

"Ẹrù tó wúwo, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọn òun." Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ta ló ki ìhà ẹfọ̀n sábẹ́ ẹran kékeré yìí?"

Làmídì gbé ojú sókè, ó ń wo máńgòrò.

Mo ní, "Èmi ni. Dígí mi fọ́ lọ́nà síbẹ̀, sípíríìnì tó tún le ju ìyẹn lọ ni mo wá rà."

Ìyá Fẹ̀lísí nàró. Ó ní òun kò ní ta nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tó ń ra sípíríìnì láìdi ẹrù sọ́kọ̀ dà bí ẹni tó ń ra bàtà fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ bínú, nítorí n kò rìn láti Ìbàdàn kí wọ́n lè wá kọ́ mi ní ọjà rírà. Ṣùgbọ́n ó ti mú ọ̀pá oparun kan, ó sì ń wọn ọkọ̀ mi, láti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí páànù tó bo táyà lókè. Ó fi ọ̀bẹ sàmì sí ọ̀pá náà. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ di àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ títí yóò fi wúwo tó ẹrù dígí tí mo ń gbé. Ó tún wọ̀n ọ́n.

Ó fi ọ̀pá hàn mí. "Ó yẹ kó tẹ̀ ní ìka mẹ́ta. Kò tẹ̀ tó ìka kan. Sípíríìnì tí kò bá tẹ̀ kì í ṣe sípíríìnì mọ́, igi ni. Lọ́jọ́ tí dígí yín fọ́, níbo lẹ jókòó sí?"

Mo ní, "N kò sí níbẹ̀. Òun ló lọ."

Ó wo Làmídì, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun ẹ̀yìn lọ. Ẹ jókòó ti dígí yín. Kí òun wà yín lọ sétí ọ̀sà, kí ẹ sì padà wá."

Àgbàlagbà bí èmi gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, mo jókòó lé àpò iyanrìn, mo sì gbé ọwọ́ lé àpótí dígí. Ọ̀nà etí ọ̀sà kò ní ọ̀dà, ó rí kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ bí ti Ìláròó. Làmídì rọra gbéra. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè bá wa rìn pọ̀. Síbẹ̀, kòtò kékeré tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ń gbé mi sókè, ó ń jù mí sílẹ̀. Eyín mi ń lu ara wọn. Lábẹ́ ọwọ́ mi, mo ń mọ bí dígí ṣe ń gbọ̀n rìrì nínú koríko tí mo fi dì wọ́n. A kò tíì rí omi tí mo fi gbọ́ tí ọ̀kan sán. Èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀kẹta fọ́, mo fi ọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀.

Mo ní, "Làmídì, dúró."

Ó dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wá sẹ́yìn. Kò sọ pé ẹ ò rí i báyìí. Ì bá sọ ọ́, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rántí bó ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì. Ọgbọ́n tí mo ń gba kú oríire lé lórí ló fọ́ dígí Òkèhò, mo sì ti fi orúkọ ọmọlọ́mọ san án.

Mo ní, "Ohun tí mo sọ sí ọ ní Bẹẹrẹ, kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fọ́ dígí náà. Má bínú sí mi."

Ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́." Ó fi ẹsẹ̀ ta òkúta kan. "Àmọ́ kì í ṣe èmi nìkan lẹ sọ ọ́ fún. Ó ti dé ilé wa. Ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn lọ́jà kí n tó dé ilé."

Mo ní, "Mo gbọ́. Jẹ́ ká délé."

Alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Fẹ̀lísí fún wa ní yàrá kan láti sùn. Àtàsì ló bù fún wa, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, pẹ̀lú ẹja ọ̀sà díndín. Làmídì jẹ, ó rẹ́rìn-ín sí Ìyá Fẹ̀lísí, ó sì béèrè sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìbàdàn nìyẹn tí mo gbọ́ tó ń bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀, wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n tú ìhà ẹfọ̀n mi jáde. Ìyá Fẹ̀lísí wá kó ọjà síwájú mi. Àkọ́kọ́ ni sípíríìnì tuntun tó nípọn, tí wọ́n ṣì fi bébà olóróró wé. Ó ní yóò gbé ọkọ̀ sókè ní ìbú ọwọ́ kan. Mo gbé e wò, ọkàn mi fà sí i, n kò ní purọ́. Ó tún mú irin méjì tó rí bí bíríkì wá, tí wọ́n máa ń fi sí àárín sípíríìnì àti irin gbọọrọ tó so táyà méjèèjì pọ̀. Ìyẹn máa ń mú ọkọ̀ ga, àmọ́ kò fún sípíríìnì ní agbára kankan. Èyí tó kẹ́yìn ni sípíríìnì irú ọkọ̀ mi gan-an. Wọ́n yọ ọ́ lára ọkọ̀ kan tí iwájú rẹ̀ rún, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ó ní òun yóò fi ewé kan ṣoṣo kún un, èyí tó gùn tó sì fẹ́lẹ́, òun yóò sì fi gírísì sáàárín gbogbo wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn.

Mo yíjú sí Làmídì. "Ìwọ lo ń wà á. Èwo ni ká mú?"

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà rí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan èyí tó kẹ́yìn. Ó ní, "Èyí ni, Bàbá. Ìnàró la máa ń to dígí. Bí ọkọ̀ bá ga jù, á máa fì ní kọ́nà, dígí á sì máa rọ́ lu ara wọn. Kò dìgbà tó bá ga. Kó ṣáà dọ́gba nígbà tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀."

Ìyá Fẹ̀lísí ní, "Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ ti bi tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

Pọ́n-ùn méje ni mo san, wọ́n gba owó tiwa. Nígbà tí wọ́n dè é tán, ìdí ọkọ̀ náà fi ìbú ìka mẹ́ta ga ju iwájú lọ nígbà tó ṣófo. Wọ́n di iyanrìn padà sí i, ó tẹ̀ ní ìka mẹ́ta gẹ́lẹ́, ó sì dúró pẹrẹsẹ bí tábìlì. Mo tún gun ẹ̀yìn lọ. Làmídì wà mí lọ sétí ọ̀sà. Ọkọ̀ ń lọ sókè sódò jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi. Kò sí dígí kan nínú méje tó kù tó fọ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀, àwọn tó ń kọjá ń wo bàbá aláṣọ funfun tó jókòó lé iyanrìn, n kò sì bìkítà. Ìyá Fẹ̀lísí dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń sọ fún Làmídì pé, "Dúsúmáà, ọmọ mi." Rọra ni ìtumọ̀ rẹ̀. Làmídì ní òun mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ní Ìdíìròkò, oníbodè tiwa dá wa mọ̀. Ó ní, "Àwọn ẹlẹ́rìí ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti jẹ́rìí. Mẹ́ta kú sẹ́nu rẹ̀."

Láti ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta, Làmídì ń sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọ̀nà Ìséyìn, ibi tí kòtò rẹ̀ wà, ibi tó yẹ ká ti sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ti mọ̀ kó tó lọ lọ́jọ́ náà. N kò bi í léèrè rí ni. Òjò kán díẹ̀ sára gíláàsì iwájú ọkọ̀ ní Bákàtàrí, àwa méjèèjì wo ojú ọ̀run, a kò sì dúró mọ́.

Oòrùn ń lọ sílẹ̀ nígbà tí a dé Mọ́lété. Làmídì fẹ́ yà sí Kúdẹtì láti já mi sílẹ̀. Mo ní kó máa lọ sí Ọjà'ba. Ó wakọ̀ dé ibi tí ọkọ̀ lè dé, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù láàrin ilé. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó kí mi bí wọ́n ti ń kí àlejò, kò sì dá ọwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

Mo ní, "Ìyá wa, ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá. Làmídì kò sáré. Èmi ni mo ki irin tí kò yẹ sábẹ́ ọkọ̀. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn níwájú èèyàn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé atẹ sílẹ̀, ó dìde, ó wọ inú agboolé lọ, mo sì rò pé ó ti lé mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó padà wá pẹ̀lú bàbá olórí agboolé, àwọn ìyàwó ilé, àti àwọn méjì kan tó ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Gbogbo wọn dúró.

Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí náà gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ, ohùn mi sì lọ sókè ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tí mo parí, ó ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó wá fún mi, kí wọ́n fún mi lómi. Làmídì jókòó sórí pèpéle, ó ń bọ́ bàtà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń lọ sí Òkèhò. Ó ní ọ̀la.

Mo ti rin ìrìn àjò tó jìn ju Àjàṣẹ́ lọ, mo sì ti náwó ju pọ́n-ùn méje lọ lórí ohun tí kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Èyí kọ́ mi pé kí n tó dá ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ lẹ́bi, kí n kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹrù lẹ́yìn. Mo mu omi náà tán, mo sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní Kúdẹtì.